Bí A Ṣe Ń To Ọjọ́ Ìsinmi Orí Òkè

Ohun tó sábà máa ń ba ìsinmi orí òkè jẹ́ ni kéèyàn fẹ́ rí gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ìsàlẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ sí àfonífojì, níbi tí adágún, igbó àti omi tó ń já láti orí àpáta wà. Ẹ̀yìn òjò tàbí ìgbà tí yìnyín ń yọ́ ni omi bẹ́ẹ̀ ń rọ́ jù. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn yín, ẹ lè rí òṣùmàrè nínú omi tó ń fọ́n káàkiri. Ẹ má gun òkúta etí rẹ̀, ó ń yọ̀ kódà bó bá jọ pé ó gbẹ. Ẹ má sì bẹ́ sínú adágún lójijì, torí omi tútù lè mú kéèyàn má lè mí dáadáa. Ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ara nílò ọjọ́ méjì yẹn. Láti nǹkan bí 2,500 míta sókè, afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ débi tí orí lè máa fọ́ni, kí èébì máa gbéni, kí oorun má sì wá. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá 3,000 míta, kí ibi tẹ́ ẹ máa sùn má fi ju 500 míta ga ju ti àná. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ má gòkè sí i. Bí ẹnì kan bá ń rìn bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Ọjọ́ kẹta ni kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà. Ó dùn púpọ̀, àmọ́ ó ń yára ju ara lọ: ti òkè Aiguille du Midi ní ilẹ̀ Faransé ń gbéni láti nǹkan bí 1,000 míta dé nǹkan bí 3,800 míta láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ẹ wọ èyí tó kọ́kọ́ gbéra láàárọ̀, kí ìkùukùu tó bo ojú òkè.

Fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ gòkè, ìṣirò rẹ̀ rèé: wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ wá fi wákàtí 1 kún un fún gbogbo 600 míta tẹ́ ẹ bá gùn. Kìlómítà 10 tó gùn sókè ní 900 míta á gba wákàtí 3 ààbọ̀, láìka ìsinmi. Ẹ gbéra ní agogo 6 àárọ̀, kẹ́ ẹ lè kúrò lórí ṣóńṣó kó tó di ọ̀sán, torí lásìkò ooru, oòrùn á gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná gòkè, á sì di àrá ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sá sábẹ́ igi tó dá dúró.

Òtútù ń fi nǹkan bí 6.5°C le sí i ní gbogbo 1,000 míta. Ẹ wọ aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ara wọn, kì í ṣe ẹyọ kan tó nípọn, kẹ́ ẹ sì yẹra fún aṣọ òwú, torí ó ń gba òógùn sára, kì í sì í tètè gbẹ. Bàtà tuntun, ẹ ti máa wọ̀ ọ́ nílé fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gìgísẹ̀ á bó.

Alẹ́ tí òṣùpá ò sí ló dára jù fún wíwo ìràwọ̀. Ẹ pa gbogbo iná fún 30 ìṣẹ́jú kí ojú lè mọ òkùnkùn, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì.