Tọkọtaya tó ń yọ oúnjẹ kúrò láti mọ èyí tí kò bá ara mu

Ẹ̀yin ará Kàbà àti Ìsánlú, iyán kì í sábà fa wàhálà. Inú ọbẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ká ní wàrà, sóyà àti ẹ̀pà lẹ fẹ́ yọ fún ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ ka ara páálí magí dáadáa, sóyà wà nínú òmíràn. Ẹ bi ìyá onírú bóyá irúgbá ló fi ṣe é, torí àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe irú. Wàrà Fúlàní àti wàrà sóyà jọra nínú abọ́. Yájì ara súyà ńkọ́? Ẹ̀pà lílọ̀ wà níbẹ̀.

Ìkòkò kan tó fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bu ti ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu kí ẹ tó fi ohun tó ń yọ sí ìyókù ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíbí ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì o!

Tí ara bá ti balẹ̀, ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ kìíní, ṣíbí kékeré 1, ọjọ́ kejì, ìwọ̀n tí ẹ máa ń jẹ, lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ọjọ́ 2. Bí ẹ bá dá méjì padà pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Ẹnìkejì ni kó máa kọ oúnjẹ àti aago sílẹ̀. Ẹni tí inú ń run kì í rántí.

Oúnjẹ tó bá ti mú ètè wú tàbí dí èémí rí, ẹ má dán an wò nílé rárá. Aboyún náà, kó rí dókítà kó tó yọ ohunkóhun.