Bí a ṣe ń ka máàkì oníbàárà kí gbàǹjo tó parí lórí eBay

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń jẹ́ kí gbàǹjo mi parí lórí eBay, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ìgbà yẹn ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti jẹun tán, tí wọ́n nà gbalaja sórí àga, tí fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Kámẹ́rà àtijọ́ àti lẹ́ǹsì ni mò ń tà. Láti aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo ti máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe owó tó ń gòkè ni mò ń wò o, orúkọ ni. Ẹni tí kò mọ ẹni tó ń ná ọjà rẹ̀, àwìn ló ń tà, bó tilẹ̀ rò pé owó ọwọ́ ni.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí a ṣe ń gbé ọjà síbẹ̀. Fọ́tò mẹ́jọ, àlàyé tí kò parọ́, ọjọ́ méje, ó tán. Orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn àròpọ̀ máàkì tí àwọn tó ti bá a ṣòwò fún un, ni mo ti rí àwọn èèyàn tó ṣubú lé lórí.

Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé 100%

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta aago ọwọ́ ní Peckham pè mí níjọ́ kan, inú rẹ̀ ń dùn: "Ẹ̀gbọ́n, 100% ni máàkì ọkùnrin tó fowó lé aago mi!" Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí 100% ń sọ ni pé gbogbo máàkì tí wọ́n fún un ló jẹ́ rere. Ta ni kò ní 100%?

Nígbà tí Pierre Omidyar dá ọjà yìí sílẹ̀ ní 1995, tí wọ́n sì gbé ètò máàkì kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1996, tọ̀tún tòsì ló ń fún ara wọn ní máàkì: ọ̀kan fún rere, òdo fún àárín, ọ̀kan tí wọ́n yọ kúrò fún burúkú. Oníbàárà tí kò sanwó ń rí i lára. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kan sọ ọ́ di ẹ̀san: bí o bá sọ òótọ́ nípa ọjà mi, èmi náà á bà ọ́ lórúkọ jẹ́. Ẹ̀rù wá ń ba àwọn oníbàárà láti sọ̀rọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, eBay gba ẹgba yẹn lọ́wọ́ ọlọ́jà. Láti ìgbà náà, máàkì rere nìkan ni a lè fún oníbàárà, tàbí ká má fún un ní nǹkan kan. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ kankan kì í ti í fìdí rẹmi, kí ni ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ fẹ́ sọ fún yín?

Àwọn kan máa ń dọ́gbọ́n, wọ́n á tẹ rere, wọ́n á wá kọ "kò sanwó, ẹ ṣọ́ra fún un" sábẹ́ rẹ̀. Òfin kò gbà á, wọ́n sì lè yọ ọ́ dànù. Ẹ má ṣe é.

Máàkì ti ọlọ́jà ló níye lórí. Paul Resnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí kan jáde ní 2006: wọ́n mú káàdì àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọ̀wé síra wọn, wọ́n tà á lábẹ́ orúkọ ọlọ́jà tó ti pẹ́, wọ́n sì ta irú rẹ̀ gan-an lábẹ́ orúkọ tuntun. Nǹkan bí 8% ni àwọn oníbàárà fi lé owó ti orúkọ àtijọ́. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí ẹ lè pàdánù, ẹ̀yin náà ló sì yẹ kẹ́ ẹ la ojú.

Nọ́ńbà àti ìràwọ̀

Èyí kò gba àkókò. Àwọ̀ ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà ń sọ bí máàkì ṣe pọ̀ tó: ti àwọ̀ ìyeyè bẹ̀rẹ̀ láti 10, ti àwọ̀ búlúù láti 50. Ẹ wo ọdún tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú. Òdo, ìyẹn oníbàárà tí kò tíì ní máàkì kankan, tó forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ òní, tó ti fowó lé kámẹ́rà mẹ́ta kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, kì í ṣe ẹgbẹ́ òdo tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá tí kì í kàn ra nǹkan. Àwọn tó ń bá ara wọn du ọjà náà kò rí orúkọ ara wọn, àmì *** ló bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọlọ́jà ń rí i kedere. Mi ò kì í fi fóònù wò ó, kọ̀ǹpútà ni mo máa ń lò.

Ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ kọ nípa ẹlòmíràn

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ tẹ nọ́ńbà ẹgbẹ́ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kó ohun tó kọ fún àwọn ọlọ́jà mìíràn sí. Ẹ kà á sẹ́yìn dé ogún ó kéré tán. Kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ lẹ ń wá, ohun tó ti ẹnu tirẹ̀ jáde ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo ta lẹ́ǹsì kan fún ẹni tó ní máàkì 212. Mi ò ka nǹkan kan, 212 ti tó mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ó ní inú lẹ́ǹsì ti bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún, ó sì dá a padà. Mo tú u: lẹ́ǹsì tó wà nínú rẹ̀ ti bu lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe tèmi, nọ́ńbà ara rẹ̀ yàtọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lọ ka ohun tó ti ń kọ. Ọlọ́jà mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́rin, gbólóhùn kan náà: inú rẹ̀ ti bu. Ó ti wà níbẹ̀ gbangba, èmi ni mi ò wò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n fín sára lẹ́ǹsì, pẹ̀lú bébà tí mo kọ déètì àti orúkọ oníbàárà sí. Bébà lásán, ẹ má ra nǹkan kan nítorí rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wá rèé: "kò dé ọ̀dọ̀ mi" tó ń tún ara rẹ̀ sọ lọ́wọ́ ọlọ́jà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn sí ọjà pọ́ùn márùn-ún, tó jẹ́ pé gbogbo ọjà olówó ńlá ló máa ń ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kan ṣoṣo kò sọ èèyàn di olè. Ọlọ́jà burúkú náà wà, ẹ ka èsì tí ọlọ́jà fi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta, irú kan náà, láàárín ọdún kan, òun ni òfin mi. Ẹni tí kì í kọ nǹkan kan sì wà, kò dẹ́ṣẹ̀.

Kí ẹ tó lé ẹnikẹ́ni

Àbúrò mi obìnrin ka irú ìmọ̀ràn yìí lápá kan. Ó lọ yọ òdo mẹ́ta kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti dé pọ́ùn 95. Owó já lulẹ̀ sí 31, ó tà á ní 34. Nínú gbàǹjo, èèyàn méjì tó ń bá ara wọn jà ló ń gbé owó sókè. Ẹ yọ ọ̀kan, iye ẹni tó tẹ̀ lé wọn lẹ máa gbà.

Ẹ kọ̀wé sí oníbàárà tí ẹ ń fura sí ná, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ẹ kí i, kí ẹ béèrè ìlú tí a máa fi ránṣẹ́ sí. Èèyàn gidi á dáhùn. Wákàtí méjì ni mo máa ń fún un. Bó bá ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà WhatsApp, tàbí pé awakọ̀ òun á wá gbé e, ẹ búlọ́ọ̀kì rẹ̀ kíá, lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ owó tó fi lé e. Búlọ́ọ̀kì ló ń ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún padà wọlé.

Kí gbàǹjo tó parí ni kẹ́ ẹ ṣe gbogbo èyí. Bó bá ti parí, òun ló ni ín. Bí ẹ bá wá parọ́ pé ọjà ti tán, orúkọ yín ni àbààwọ́n rẹ̀ máa wà. Bí kò bá sanwó, ọjọ́ mẹ́rin ni kí ẹ dúró, kí ẹ fagi lé e pé kò sanwó, kí ẹ sì fi ọjà lọ ẹni tó ṣìkejì. Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa gbowó rẹ̀. Lórí eBay, kò sí ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa lóṣòó sí.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òdo kan borí lórí kámẹ́rà mi. Mo ti kọ̀wé sí i ní aago márùn-ún, ó sì dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Leeds, ṣé báàgì rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀? Ó sanwó kí n tó pa kọ̀ǹpútà. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àwọn tó mọ́, mo sì fi báàgì náà kún un.