Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú títú ọ̀rọ̀ olóṣèlú lẹ́yìn ìkọlù agbésùmọ̀mí

Bí agbésùmọ̀mí bá ti ṣọṣẹ́ níbì kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ atúpalẹ̀-ọ̀rọ̀ á ti dé. Ẹ gbà mí láàyè kí n kùn díẹ̀, iṣẹ́ àgbàlagbà nìyẹn.

1. Ẹ má fowó ra sọ́fítíwià tó ń ka iye ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ ò tíì ka ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kan gbé àtẹ aláwọ̀ mèremère wá bá mi: "ogun" ló pọ̀ jù. Mo ní ta ni wọ́n fẹ́ bá jà? Ó ń wo àtẹ.

2. Bí ojúlówó ọ̀rọ̀ tí olóṣèlú náà sọ bá wà, ẹ fi àyọlò ìwé ìròyìn sílẹ̀.

3. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Èyí ló ń pa mí! Gbogbo wọn ló mọ ohun tí George W. Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ nílé aṣòfin wọn lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 2001, lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù náà: kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàn, àwa ni tàbí àwọn agbésùmọ̀mí. Wọ́n á fi ìyẹn nìkan kọ ìwé jáǹtìrẹrẹ. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ 16, ọkùnrin yìí kan náà ti pe ìjà ọ̀hún ní "crusade", orúkọ ogun ẹ̀sìn tí àwọn Kristẹni gbé ti Mùsùlùmí láyé àtijọ́, ariwo sì ta. Lọ́jọ́ 17, ó wà ní mọ́ṣáláṣí ní Washington, ó ń sọ pé àlàáfíà ni Ìsìláàmù. Kódà nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ 20 yẹn, ó sọ fún àwọn Mùsùlùmí pé àwọn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn wọn. Ta ló ń bá wí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan? Àṣẹ láti lo ológun ńkọ́? Ọjọ́ 18 ló ti buwọ́ lù ú, kí gbólóhùn olókìkí yẹn tó jáde rárá.

Òmíràn ni ohùn. Ẹ ní Jacinda Ardern, olórí ìjọba New Zealand nígbà náà, ń sọ̀rọ̀ tútù lẹ́yìn ìkọlù mọ́ṣáláṣí ní Christchurch, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2019, tí wọ́n pa ènìyàn 51. Ó kọ̀ láti dárúkọ apànìyàn náà, lóòótọ́. Àmọ́ kó tó pé oṣù kan, lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin, ilé aṣòfin ti dìbò 119 sí 1 fún òfin tó gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ìbọn tó ń yìn léraléra. Ṣé ìyẹn náà tutù?

Ẹ sì máa wo ọjọ́ ìbò, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí bọ́ǹbù dún nínú ọkọ̀ ojú irin ní Madrid, ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2004, ìjọba Aznar, olórí ìjọba Spain nígbà náà, ní ETA ni, ìyẹn àwọn ọlọ́tẹ̀ Basque tó ń jà fún òmìnira; kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ìbò ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ òṣèlú Aznar fìdí rẹmi. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ yẹn láìfi ìbò kún un, mi ò ní ka iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú ewé kejì.