Bí a ṣe ń yẹ ìròyìn tíiví wò: ẹ̀yìn ta ló ń gbè, èèyàn mélòó ló sì ń wò ó ní tòótọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti máa ń gẹrun ní Tánkẹ̀, àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí ìròyìn Amẹ́ríkà. Ọ̀kan na fóònù sókè, ó ní ẹ wò ó, sítéṣọ̀n Fox News ni wọ́n ń wò jù, torí náà àwọn ló ń sọ òótọ́. Èkejì ní irọ́ ni, pé ẹ wo iye èèyàn tó ti wo fídíò CNN lórí YouTube. Àwọn méjèèjì ló ṣi nọ́ḿbà kà, kò sì sí èyí tó jókòó wo ìròyìn ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí irú ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, torí ọ̀rẹ́ ń tìtorí ẹ̀ bà jẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí, ẹ bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ìwé ẹsẹsáìsì kan àti bírò méjì, pupa àti búlúù. Ẹ má fi fóònù kọ ọ́, torí mẹ́séèjì Wasáàpù á máa wọlé, ẹ ò ní mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ ń ṣe. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ wò ó ní sítéṣọ̀n méjì. Ti Nàìjíríà rọrùn, NTA ń ṣe ìròyìn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, Channels ní aago mẹ́wàá, wákàtí méjì péré lẹ máa tan jẹ́nẹ́rétọ̀. Tí bẹntiróò bá wọ́n, ẹ dúró kẹ́ ẹ fi dátà òru wò ó lórí YouTube, àmọ́ gbogbo ìròyìn náà ni kẹ́ ẹ wò o, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan ti gé tó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù.

Ti Amẹ́ríkà ní nǹkan kan tó máa ń tan èèyàn jẹ. CNN International ló wà lórí dẹ́kódà wa níbí, kì í ṣe CNN tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń wò nílé wọn. Aago mẹ́jọ alẹ́ sí mọ́kànlá ni ọjà wọn ń tà jù lọ́hùn-ún, ìgbà yẹn ni àwọn gbajúmọ̀ olóòtú máa ń jókòó, tí aago mẹ́jọ wọn bá sì lù, ó ti di aago kan tàbí méjì òru ní Ìlọrin. Ẹni tó wo CNN lẹ́yìn ìrun Ìṣà, tó wá ń sọ pé òun mọ ohun tí CNN ń sọ fún ará Amẹ́ríkà lálẹ́, kò tíì wò ó.

Kẹ́ ẹ tó tan tíiví, ẹ kọ orúkọ olówó sítéṣọ̀n àti ẹni tó dá a sílẹ̀ sókè ojú-ewé. Ìjọba àpapọ̀ ló ni NTA, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni Kwara TV. Ted Turner ló dá CNN sílẹ̀ lọ́dún 1980, Rupert Murdoch dá Fox News sílẹ̀ ní 1996, ọdún yẹn náà ni MSNBC bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti yí orúkọ padà sí MS NOW ní November 2025. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1949 tó ní kí rédíò àti tíiví gba tọ̀tún tòsì láyè lórí ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn, wọ́n fagi lé e ní 1987, kò tilẹ̀ kan kébù, ìyẹn tíiví tí wọ́n ń sanwó wò bíi CNN àti Fox, tẹ́lẹ̀. Níbí, NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tíiví ní Nàìjíríà, wà lẹ́yìn ọrùn àwọn sítéṣọ̀n, ṣé ẹ rántí 2020 lásìkò EndSARS tí wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé Channels, AIT àti Arise lọ́kọ̀ọ̀kan. Torí náà, ojúsàájú ti ibí àti ti ibẹ̀ ò jọra. Ti ibẹ̀ máa ń pariwo, ti ibí sábà máa ń wà nínú ohun tí wọn ò sọ.

Ó yá, ẹ máa wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ pa ohùn, àwòrán àti àkọlé ìsàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ohùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ fi bírò pupa kọ ọ́. Ohun tí ẹnìkan rò nípa ẹ̀, ẹ fi búlúù kọ ọ́. "Gómìnà buwọ́ lu ìṣúná," pupa nìyẹn. "Inú aráàlú ò dùn sí i," búlúù ni, àfi tí wọ́n bá fi aráàlú ọ̀hún hàn yín. Ẹ kọ ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn sí lẹ́nu, torí ẹnu ẹni yẹn ni òǹwòran máa gbé sùn.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú ló kàn báyìí, nọ́ḿbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Àkọ́kọ́, wọn ò ka orí gbogbo ará Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Nielsen ló ń bá wọn kà á, ìwọ̀nba ilé tí wọ́n ṣà jọ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, láti 2025 wọ́n tún ń fi dátà láti inú dẹ́kódà àti tíiví ìgbàlódé kún un, wọ́n wá fi ìyẹn díwọ̀n gbogbo ìlú. Ìdíwọ̀n ni. Tí ẹnìkan bá fi ìyàtọ̀ bíńtín láàárín sítéṣọ̀n méjì dá yín lágara, ẹ má dá a lóhùn.

Ìkejì, nọ́ḿbà tí wọ́n ń gbé jáde jẹ́ ìpíndọ́gba ní ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe gbogbo ẹni tó yà wò ó. Ẹ fi ojú ìnáwó wò ó. Tí èèyàn 60 bá wọ abẹ́ kánópì láàárín wákàtí kan, tí kálukú jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré tó gba takeaway tó bá tiẹ̀ lọ, èèyàn mẹ́wàá lẹ máa bá lórí ìjókòó nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá yọjú. Ẹni tó ní 60 ò purọ́, ẹni tó ní 10 náà ò purọ́, ohun tí wọ́n kà ló yàtọ̀. YouTube ń ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn yà wọlé káàkiri àgbáyé, Nielsen ń ka àwọn tó jókòó nínú Amẹ́ríkà. Ohun tó fa ìjà ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ nìyẹn, wọ́n ń fi kóńgò wọn iṣu.

Ìkẹta, rating àti share kì í ṣe ọ̀kan náà. Ká ní ilé 100 ló ní tíiví, 50 ló tan tiwọn, 10 ń wo sítéṣọ̀n kan. Rating rẹ̀ jẹ́ 10, torí 10 nínú gbogbo ilé 100 ni, share rẹ̀ jẹ́ 20, torí 10 nínú 50 tó tan tiwọn ni, ìyẹn 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Sítéṣọ̀n máa gbé èyí tó bá pọ̀ jù síta, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó gbà.

Ìkẹrin, ẹ wo ọjọ́ orí. Àwọn tó wà láàárín ọdún 25 sí 54 ni olùpolówó ọjà ń wá nínú ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń wo ìròyìn kébù ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sítéṣọ̀n kan lè ṣíwájú nínú gbogbo èèyàn kó má ṣíwájú níbi tí owó wà. Tí wọ́n bá sì ní àwọn ni "nọ́ḿbà kìn-ín-ní," ẹ béèrè pé láàárín àwọn wo. Fox ti ń ṣíwájú láàárín ìròyìn kébù fún ohun tó lé ní ogún ọdún, àmọ́ ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ABC, tí kì í ṣe kébù, máa ń ní òǹwòran jù ú lọ dáadáa.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé kí ni nọ́ḿbà ń ṣe sí ẹnu sítéṣọ̀n. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ni ìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2020. Lóru ìbò, Fox kéde pé Biden ló wọlé ní Arizona kí àwọn tó kù tó kéde. Inú bí àwọn òǹwòran wọn, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sí Newsmax, sítéṣọ̀n mìíràn tó ń bá Fox dupò. Láìpẹ́ àwọn àlejò Fox ń sọ lórí afẹ́fẹ́ pé ẹ̀rọ Dominion, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, ló fi ìbò ṣe màgòmágó. Dominion gbé Fox lọ sílé ẹjọ́, ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọn bá tú síta: àwọn olóòtú kan ò gba ọ̀rọ̀ ọ̀hún gbọ́ lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rù òǹwòran tó ń lọ ló ń bà wọ́n. Ní April 2023 Fox gbà láti san mílíọ̀nù 787.5 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Torí náà ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ má fi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ẹ̀rí òótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn yẹn gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ẹ má parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta, sítéṣọ̀n méjì kan náà. Ẹ tẹ́ àwọn ojú-ewé náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ ka iye ìlà búlúù àti ti pupa, kẹ́ ẹ sì wo ohun tó wà níbi kan tí kò sí níbì kejì. Tí búlúù bá ń tẹ̀ sápá kan lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ẹ lè sọ ọ́ síta ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹ mú ìwé yín dání lọ.