GAANN fún PhD físíìsì: àṣìṣe tó ń jẹ́ kówó bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó tọ́ sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card tàbí tẹ́ ẹ ti di sítísìn Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe PhD físíìsì, tọ́wọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ká nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ mi lórí GAANN yìí (Graduate Assistance in Areas of National Need, owó ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń ṣe PhD), torí kì í ṣe loan, ẹ ò ní dá a padà. (Ẹni tó bá wà lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ò lè gbà á, TA àti RA, ìyẹn iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ àti ti ìwádìí ní school, ni kó dojú kọ.)

Ẹ má lọ máa wá fọ́ọ̀mù ní Washington o. Department inú school nìjọba ń fún lówó, department ló ń yan ọmọ tó máa jẹ ẹ́. Torí náà kẹ́ ẹ tó apply sí school kan rárá, ẹ bi wọ́n bóyá físíìsì tiwọn ní in lọ́wọ́ báyìí, torí ó lè jẹ́ pé kẹ́místrì ló ní in, kí físíìsì má ní.

Èyí tó ń dùn mí jù ni FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba fún owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ á ní máàkì tó ga, ọ̀jọ̀gbọ́n á fẹ́ràn ẹ̀, á kọ ìtàn ìyà tó jẹ ẹ́ sínú essay dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní kọ FAFSA, á ní òun ò fẹ́ loan. Kì í ṣe torí loan! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò àìní yín, iye tí NSF, àjọ ìjọba tó ń fowó ti ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ń san fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiẹ̀ tàbí iye àìní yín, èyí tó bá kéré ni wọ́n máa san. Ọ̀fẹ́ ni o, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun tó bá yín kọ ọ́, ẹ sá fún un.

Owó dádì àti mọ́mì ò kàn wọ́n mọ́ tẹ́ ẹ bá ti dé grad school. Ṣùgbọ́n owó-orí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò, FAFSA 2025–26, ti 2023 ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi ní 2023 tó wá fi í sílẹ̀ torí ìwé, fọ́ọ̀mù á pè é lólówó nígbà tí kò sí nǹkan kan ní àkáǹtì ẹ̀. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ o, ẹni bá dákẹ́ tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì financial aid ní school, ẹ ní professional judgment lẹ fẹ́, ìyẹn kí wọ́n tún àìní yín wò torí nǹkan ti yí padà, ẹ mú lẹ́tà tẹ́ ẹ fi fiṣẹ́ sílẹ̀ àti payslip tó kẹ́yìn dání, òfin gbà wọ́n láyè láti tún un ṣírò.

Tówó bá wá wọlé, ẹ má ná an tán. IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, ń gba owó-orí lórí èyí tẹ́ ẹ fi ń sanwó ilé àti oúnjẹ, school sì lè má yọ kọ́bọ̀ kí wọ́n tó san án, ẹ máa fi díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù kí April tí wọ́n ń sanwó-orí tó dé.