Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí ń sọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀: kámẹ́rà ilé àti àwọn tó ń ba ọkọ̀ jẹ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ti pọ̀ ju ilé tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí lọ. Láti Òkè-Adó dé Under G, títí dé àwọn agboolé àtijọ́ ẹ̀bá Ọjà Jagun, ojú títì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ọkọ̀ sùn sí. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á rí i pé ẹnìkan ti fi ìṣó ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, tàbí pé wọ́n gún táyà, tàbí pé wọ́n fọ́ gíláàsì láìmú nǹkan kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń dunni jù. Olè, a mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó kàn fẹ́ bà á jẹ́, kí la ṣe fún un?

Ìdí nìyí tí kámẹ́rà fi ń pọ̀ sí i lójúlé, inú mi sì dùn sí i. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ohun tí àwọn èèyàn ń fi fídíò náà ṣe tó bá ti mú ẹnìkan. Òfin wà fún ẹni tó ba ọkọ̀ jẹ́: abala 451 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba dúkìá jẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ẹjọ́ yín tọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dà á rú.

Ẹ má gbé e sí Facebook kí ẹ tó gbé e lọ sí tésàn

Èyí ló burú jù. Kí wọ́n tó fọ ẹnu láàárọ̀, fídíò ti wà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp, wọ́n ti fi àmì pupa yí ojú ọmọkùnrin kan po, wọ́n kọ “olè” sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ náà kàn ń kọjá lọ ńkọ́? Lálẹ́, dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń yà, ó sì lè ṣòro láti mọ̀ bóyá aṣọ pupa ni ẹnìkan wọ̀ tàbí aṣọ búlúù. Ọmọ yunifásítì Lautech tó fa fìlà bojú jọ ọ̀pọ̀ ọmọ Lautech mìíràn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Fídíò ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan.

Abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Bí ẹ bá ba orúkọ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jẹ́, ó lè pè yín lẹ́jọ́ kó gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín. Kò parí síbẹ̀: abala 375 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ka ìbanilórúkọjẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ọdún 1 wà fún, ọdún 2 sì ni tí ẹni tó gbé e jáde bá mọ̀ pé irọ́ ni. Tó bá wá jẹ́ ọmọdé ló fi ìṣó ha ọkọ̀ náà, ó tún le sí i, torí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ohun tí aráyé lè fi dá ọmọ tó ṣẹ̀ mọ̀ jáde. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà ń sọ.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ju ti ilé ẹjọ́ lọ ni ti èrò. Nílẹ̀ wa, ìgbà kan tí ẹnìkan bá ké “olè!” láàárín ọjà, a mọ ibi tí táyà àti pẹtiróòlù ti ń jáde. Àwòrán tí ẹ fi ìbínú gbé síta lè pàdé ọmọ ọlọ́mọ ní Tákíé lọ́sàn-án gangan. Bí ọwọ́ yín fúnra yín bá tẹ ẹnìkan níbi tó ti ń ṣe é, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112. Ẹ má lù ú, ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má sì ní kó wá san owó kí ẹ tó pa fídíò rẹ́. Gbígba owó bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sí yín lọ́rùn.

Ẹ wo ibi tí ojú kámẹ́rà kọ sí

Abala 37 ìwé òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà àti ti ilé rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 yọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ìlò ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ nìkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún wa láyè láti fi tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Nínú agboolé wa, ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere: kámẹ́rà tí ẹ so nítorí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa wo balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tàbí ẹnu kànga tí àwọn obìnrin ti ń fa omi nínú ìró, tàbí fèrèsé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lódìkejì. Ẹ yí i wálẹ̀ sórí ọkọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló sì ní ibi tí ẹ lè ti bo apá kan àwòrán kó má ṣe yà á. Bí ó bá ń gba ohùn, ẹ pa ìyẹn, torí ìsọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá kò kan ọkọ̀ yín.

Irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2007, wọ́n fi kànnàkànnà fọ́ fèrèsé ọkùnrin kan ní orílẹ̀-èdè Czech. Kámẹ́rà abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ àwọn afurasí méjì. Ọ̀kan nínú wọn ló wá béèrè bóyá ó bófin mu kí kámẹ́rà náà máa ya ojú títì àti ẹnu ọ̀nà ilé tó wà lódìkejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé kámẹ́rà tó bá ń ya ìta gbangba ti kúrò ní ọ̀rọ̀ inú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà pé a lè ro ti onílé tó ń dáàbò bo ẹbí àti dúkìá rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdájọ́ yẹn kò de Nàìjíríà, ṣùgbọ́n lọ́yà afurasí níbí náà lè béèrè ohun kan náà.

Ayálégbé, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó lu ògiri. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pẹ̀lú, kí ẹ sì lẹ ìwé mọ́ géètì pé kámẹ́rà wà níbẹ̀.

Fídíò tí kò ní ran adájọ́ lọ́wọ́

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló sọ bí ilé ẹjọ́ ṣe ń gba ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lákòókò náà, pé ẹ sì ń lò ó déédéé. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí ẹni tó ń bójú tó o máa ń fọwọ́ sí, tó ń ṣàlàyé bí fídíò ṣe jáde. Lẹ́yìn ìbò gómìnà Bayelsa ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ kò gba ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé torí pé wọn kò tẹ̀lé abala yìí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín kọ ìwé náà.

Aago kámẹ́rà ńkọ́? Tí NEPA bá mú iná lọ, tí bátìrì kékeré inú àpótí tó ń gba fídíò pa mọ́ sì ti kú, aago lè padà sí ọdún 2000. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á bi yín bí ẹ ṣe rí ẹni tó fọ́ ọkọ̀ tí ẹ kò tíì rà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tún rántí pé àpótí náà ń pa fídíò àtijọ́ rẹ́ fúnra rẹ̀ tó bá kún, torí náà ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ da ẹ̀dà sórí fúláàṣì. Ẹ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp máa ń fún pọ̀, ojú èèyàn á sì di bàìbàì.

Ọyẹ́ máa ń fi eruku bo dígí kámẹ́rà, aláǹtakùn sì fẹ́ràn láti ta òwú síwájú iná rẹ̀ lóru. Ẹ máa nù ún.

Pakuté kọ́

Ẹ má fa wáyà iná mọ́ ara ọkọ̀, ẹ má sì ri ìṣó mọ́lẹ̀ yí i ká láti mú ẹni tó bá wá. Òfin ìwà ọ̀daràn ka irú pakuté bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù ló sì máa ń kọ́kọ́ fara kan nǹkan.

Tí ẹ bá ń lọ sí tésàn

Ẹ mú àwòrán ibi tó bàjẹ́ dání, pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àti iye tí pẹnẹbítà kọ fún yín. Ẹ béèrè orúkọ ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀dà fídíò ni kí ẹ fún wọn. Bó bá jẹ́ mẹ́mọ́rì káàdì ni kámẹ́rà yín ń lò, ẹ fi káàdì náà gan-an sínú àpòòwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ ra òmíràn sínú kámẹ́rà. Bí wọ́n bá ní àfi èyí gan-an, ẹ má jáde níbẹ̀ láìgba ìwé tó fi hàn pé ó ti wà lọ́wọ́ wọn.