Bí mo ṣe rí ìdáhùn mẹ́ta lára ìlà kan ṣoṣo

Mo gbà pé mo mọ ìṣirò. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ nígbà tí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Àtẹ kékeré kan ni. Bí owó ọjà bá jẹ́ 4, àwọn èèyàn á ra 80. Bó bá di 8, wọ́n á ra 60. Bó bá di 12, wọ́n á ra 40. Bó bá di 16, wọ́n á ra 20. Wọ́n ní ká ya gíráàfù rẹ̀, ká sì wá ìdagẹ̀rẹ́ ìlà náà, ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní slope: ìyípadà lóòró, tí a fi ìyípadà níbùú pín. Kí ló le níbẹ̀?

Mo fi owó sí ìlà ìbú, mo fi iye tí wọ́n ń rà sí ìlà òòró. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kíláàsì ìṣirò nìyẹn: ohun tó ń fa àyípadà ló máa ń dùbúlẹ̀, èyí tó ń tẹ̀lé e ló máa ń nàró. Mo mú ibi tí owó ti jẹ́ 4 àti ibi tó ti jẹ́ 12. Iye tí wọ́n ń rà já láti 80 sí 40, ìyẹn òdì 40. Owó sì fi 8 lé sí i. Mo fi 8 pín òdì 40, ó di òdì 5. Mo tiẹ̀ fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn mi.

Nígbà tí ìwé mi padà dé, wọ́n ti fi bírò pupa fagi lé òdì 5 náà, wọ́n sì kọ òdì 0.2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé olùkọ́ wa ló ṣì í.

Àṣé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kì í ṣe bíi ti oníṣirò. Owó ni wọ́n máa ń gbé nàró, iye ọjà ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀. Cournot ará Faransé, tó ya irú ìlà yìí ní 1838, fi owó sí ìbú bíi tèmi (inú mi dùn díẹ̀ nígbà tí mo kà á), ṣùgbọ́n ti Alfred Marshall ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1890, ló wá di àṣà. Mo pa tèmi rẹ́, mo tún un yà. Ìyàtọ̀ owó, 8, ló wà lókè báyìí. Òdì 40 wà nísàlẹ̀. Òdì 0.2 lóòótọ́.

Irọ́ kọ́ ni òdì 5 mi o. Ó ń sọ pé bí owó bá fi 1 lé sí i, iye tí wọ́n ń rà á fi 5 dín. Òdì 0.2 ń sọ̀rọ̀ láti ìdàkejì: kí ẹyọ kan tó lè tà sí i, owó gbọ́dọ̀ fi 0.2 wálẹ̀. Ẹ fi òdì 5 pín 1, òdì 0.2 náà lẹ máa bá. Ohun tí wọ́n bi mí gan-an ni mi ò dáhùn.

Mo wá ní kí n fojú yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ka àpótí kéékèèké orí ìwé gíráàfù láti àmì kan sí èkejì: mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lọ sápá ọ̀tún. Òdì 1! Orí mi dà rú. Ó pẹ́ kí n tó wo etí gíráàfù: àpótí kan lóòró dúró fún 2, àpótí kan níbùú dúró fún 10. Bí mo bá fẹ́, mo lè na ìwọ̀n òòró kí ìlà náà dúró bí àkàbà tí wọ́n gbé ti ògiri, tàbí kí n fún un pọ̀ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀, òdì 0.2 ò ní kúrò níbẹ̀. Ní báyìí, nọ́ńbà etí gíráàfù ni mo máa ń kà kí n tó wo ìlà rárá. (Ìgbà kan tún wà tí mo yọ 4 kúrò nínú 12, tí mo wá yọ 40 kúrò nínú 80, ni òdì bá sá lọ. Àmì tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ lókè ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.)

Ìbéèrè kejì ò ní ìlà tó gún. Ìnáwó ilé iṣẹ́ kan ni: 50 tí wọ́n á ná bí wọn ò tiẹ̀ ṣe ẹyọ kan, ká wá fi iye ọjà lọ́nà ara rẹ̀ kún un. Bí wọ́n bá ṣe 10, ìnáwó di 150. Wọ́n ní ká wá ìdagẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Mo fa ìlà láti igun òdo lọ bá ibẹ̀, mo fi 10 pín 150, mo rí 15. Ìyẹn kàn jẹ́ iye tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ná wọn, tí a bá pín in dọ́gba. Ìlà tó yẹ ni èyí tó fara kan ìlà títẹ̀ náà níbì kan ṣoṣo, láì gé e kọjá. Rúlà mi yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó dáadáa. Ó gba ibi 5 àti 50 kọjá, ó sì gba ibi 15 àti 250: 200 tí a fi 10 pín, 20 nìyẹn, bí ìnáwó ṣe ń lé sí i fún ẹyọ kan níbẹ̀ gan-an. Mo fi ẹyọ kọkànlá dán an wò: ìnáwó kúrò ní 150, ó di 171. 21 ló fi lé, kì í ṣe 20, nítorí bí ìlà yẹn ṣe ń lọ ló ń le sí i.

Mo kọ méjèèjì sílẹ̀, 15 àti 20, mo sì kọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bírò pupa ò fagi lé nǹkan kan.